Ìwé Ilé Yín ní Amẹ́ríkà: Bí A Ṣe Ń Wá A ní Ọ́fíìsì Káúńtì àti Bí A Ṣe Ń Fi Í Sínú Àkọsílẹ̀



Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ arákùnrin wa kan tí ó dolóògbé ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn ẹbí rẹ̀ pè wá lórí fóònù pé kí a bá wọn pín ogún. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, àti ìyá rẹ̀ tí ó ṣì wà láyé ní Ìsẹ́yìn, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin mẹ́ta. Ìṣirò yẹn kò le fún ẹni tí ó bá ti jókòó níwájú àfáà kọ́ ìmọ̀ ogún. A pín ilé náà sí ọ̀nà 24: ìyàwó gba 3, ìyá gba 4, àwọn ọmọ gba 17 tí ó kù, kí ọkùnrin gba ìlọ́po méjì obìnrin. A ti parí rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ béèrè pé, "Àfáà, ẹ má bínú o, orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé ilé yẹn gan-an?"

Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Wọ́n gbé báàgì ìwé kan jáde, bébà owó orí ilé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àkọsílẹ̀ káúńtì wò, orúkọ olóògbé tí ó wà níbẹ̀ kò bá ti inú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu. Owó tí ó yá fi ra ilé, tí ó ti san tán láti ọjọ́ pípẹ́, ṣì wà lọ́rùn ilé náà nínú ìwé. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé olóògbé kò ṣe wàsíyyà. Nítorí náà, òfin Texas ni yóò pín ogún rẹ̀, ìyá tí ó wà ní Ìsẹ́yìn kò sì ní ìpín kankan nínú òfin yẹn, níwọ̀n ìgbà tí olóògbé ti bímọ.

Àwa gan-an sì ti ṣe àṣìṣe. Odindi ilé ni a pín. Bẹ́ẹ̀ ní Texas, ohun tí tọkọtaya bá fi owó iṣẹ́ wọn rà nígbà tí wọ́n wà pọ̀, ti àwọn méjèèjì ni. Ìdajì ilé náà ti jẹ́ ti ìyàwó kí ọkọ tó kú. Arábìnrin náà sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń san nínú owó ilé lóṣooṣù. Nínú ẹ̀sìn pàápàá, ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ogún. Ìdajì ti olóògbé nìkan ni ó yẹ kí a fọwọ́ kàn.

Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, ìdí sì nìyẹn tí a fi kọ èyí. Texas ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni a ti bá àwọn ará wa rìn ín.

Káúńtì fara jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ní Nàìjíríà. Texas nìkan ní 254. Ibi tí ilẹ̀ bá wà ni ìwé rẹ̀ ń wà, kì í ṣe ibi tí onílé ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń sọ pé Houston ni àwọn wà, Fort Bend County ni ilé wọn wà, kì í ṣe Harris County. Bí ẹ bá wá ìwé yín lọ sí Harris tí ẹ kò rí i, ẹ má tíì figbe ta.

Ọ́fíìsì mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí ń díye lé ilé, tí wọ́n ń pè ní appraisal district. Èkejì ni àwọn tí ń gba owó orí ilé. Ẹ̀kẹta ni akọ̀wé káúńtì, County Clerk, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìwé ilé wà. Nítorí pé ojú òpó àwọn adíyelé rọrùn láti wò, tí orúkọ onílé sì máa ń hàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ń fi pamọ́ bí ìwé ilé. Kì í ṣe ìwé ilé. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti ń san owó orí ilé fún ogún ọdún, ìyẹn kò sọ pé ilé náà wà ní orúkọ yín.

Ẹni tí ó bá ti sáré C of O rí ní Alausa yóò ní láti gbàgbé nǹkan díẹ̀ tí ó mọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, òun ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé, òun náà ni ó ń fọwọ́ sí i bí a bá tún fẹ́ tà á. Ní Texas, gómìnà kò mọ nǹkan kan nípa ilé yín. Kò sí ìwé ẹ̀rí kan tí ìjọba ń fún onílé. Ẹni tí ó tà fún yín kọ ìwé fún yín, ẹni tí ó tà fún òun náà ti kọ ìwé fún òun, bẹ́ẹ̀ ni ó so mọ́ra lọ sẹ́yìn bí ìsìnààdì àwọn onímọ̀ hàdíìsì. Iṣẹ́ akọ̀wé káúńtì ni kí ó tọ́jú ìwé wọ̀nyí síta gbangba kí ẹnikẹ́ni lè wò wọ́n. Kò ṣèwádìí bóyá òtítọ́ ni ẹni tí ó fọwọ́ sí i ń sọ. Bí ìwé bá pé ní ìrísí, tí owó rẹ̀ sì pé, yóò gbà á, yóò lù ú ní òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ń sọ pé ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ o. Bí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín bá jóná, ilé kò bá a lọ. Ẹ̀dà tí káúńtì bá fọwọ́ sí tó. Dọ́là 1 ni òfin fi lélẹ̀ fún ojú ewé kan, wọ́n á fi dọ́là 5 kún un bí ẹ bá fẹ́ kí akọ̀wé jẹ́rìí sí i. A ń sọ èyí nítorí lẹ́tà kan tí àwọn ará wa ń gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé. Ìrísí rẹ̀ dà bí ti ìjọba, ó ní kí wọ́n san nǹkan bí dọ́là 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó fi ẹ̀dà ìwé ilé ránṣẹ́ sí wọn. Oníṣòwò ni ó kọ ọ́. Ẹ dà á sínú ike ìdọ̀tí.

Kí ni ó wá ń ṣẹlẹ̀ bí ìwé bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò fi sínú àkọsílẹ̀? Láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ó tà fún yín, títà náà ti mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún ilé kan náà tà fún ẹlòmíràn tí ó san owó, tí kò sì mọ̀ pé ẹ ti rà á, òfin Texas lè gbà á fún ẹni yẹn, kí ìwé yín sì di asán níwájú rẹ̀. Bákan náà ni ti ẹni tí ó jẹ olùtà ní gbèsè, tí kò sì mọ̀ nípa yín. Àwa Mùsùlùmí kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí. Àáyà tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba nínú Súúrà Al-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni. Síbẹ̀ a ṣì ń rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ń ta ilé fún ara wọn lórí ìgbẹ́kẹ̀lé, tí ìwé náà ń sùn nínú dúrọ́ọ̀.

Bí a ṣe ń wá a nìyí. Ojú òpó àwọn adíyelé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí àdírẹ́sì òpópónà ni wọ́n fi ń wá ilé níbẹ̀. Ẹ máa rí bí òfin ṣe ṣàpèjúwe ilẹ̀ náà: nọ́ńbà lọ́ọ̀tì, nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù, orúkọ ẹ́sítéètì àti ìpele rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú òpó akọ̀wé káúńtì, ní apá ìwé ilé àti ilẹ̀, kí ẹ fi lọ́ọ̀tì àti búlọ́ọ̀kù yẹn wá a, nítorí àdírẹ́sì òpópónà kì í sábà sí nínú atọ́ka wọn. Orúkọ ni ọ̀nà kejì: apá kan jẹ́ ti ẹni tí ó fún ni, tí wọ́n ń pè ní grantor, apá kejì ti ẹni tí ó gbà, ìyẹn grantee. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ní Harris County, ti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RP àti ọdún. Ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà lò lè dìde lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Orúkọ ni ibi tí wàhálà tiwa pọ̀ sí. Atọ́ka káúńtì kò mọ̀ pé Sulaimon, Sulaiman àti Suleiman kì í ṣe ènìyàn mẹ́ta. Moshood kan lè jẹ́ Mashud lórí ìwé mìíràn. Abdul-Ganiyu ni ó tún le jù: ẹnì kan á kọ ọ́ pọ̀, ẹnì kan á fi àlà sí i, ẹnì kẹta á gbé Abdul sí ipò orúkọ àkọ́kọ́, á sì fi Ganiyu ṣe orúkọ àárín. A ti rí ìwé tí wọ́n kọ "Alhaji" sí gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí àwọn òbí sọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ baba gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, nígbà tí ó di ọjọ́ ìbúra ọmọ orílẹ̀-èdè, wọ́n yí i padà. Àwọn obìnrin wa ń lo orúkọ ilé ọkọ níbi kan, ti ilé baba níbòmíràn. Nítorí náà, ẹ fi gbogbo ọ̀nà tí ẹ ti kọ orúkọ yín rí wá a, kí ẹ fi ti òyìnbó tí kò gbọ́ ọ dáadáa kún un. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ má ṣe fi bíírò tún un ṣe lórí ẹ̀dà yín. Ìwé àtúnṣe wà tí òfin Texas fàyè gbà, lọ́yà á kọ ọ́, a ó sì fi òun náà sínú àkọsílẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni orúkọ ṣì wà láyé láti búra pé òun kan náà ni.

Bí ìwé bá ti hàn, mélòó ni ó yẹ kí ẹ rí? Ẹni tí ó yá owó ra ilé yóò bá méjì tí ọjọ́ wọn sún mọ́ra. Ọ̀kan ni ìwé tí ó gbé ilé lé yín lọ́wọ́, warranty deed ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkejì ni deed of trust. Orúkọ rẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Kì í ṣe wákáfù rárá. Òun ni ó fún olówó láṣẹ láti ta ilé bí ẹ kò bá san. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi ìlànà Ìslámù bá ni ra ilé, tí wọn kì í gba èlé, náà máa ń fi ìwé tí ó dáàbò bo owó wọn sílẹ̀ ní káúńtì, nítorí náà kí ẹni tí ó bá wọn ṣe é má ṣe rò pé kò sí nǹkan lọ́rùn ilé òun. Nígbà tí ẹ bá san owó tán, ó yẹ kí ìwé kẹta jáde: release of lien, ìtúsílẹ̀ ilé. Lẹ́tà tí ń kí yín kú oríire kì í ṣe ìtúsílẹ̀. Ẹ padà wá a nínú àkọsílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Arákùnrin wa olóògbé kò wá a, ilé-iṣẹ́ tí ó yá a lówó sì ti di ara ilé-iṣẹ́ mìíràn kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Oṣù márùn-ún gbáko ni ìyẹn nìkan gbà.

Láti fi ìwé tuntun sínú àkọsílẹ̀, ẹ má ṣe wá fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ kàn máa kọ ọ́. Ẹ san owó lọ́yà, ó kéré sí ohun tí ẹ ó san bí ó bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ìbuwọ́lùwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, níwájú nótárì. Kí a tẹ orúkọ sí abẹ́ rẹ̀ ketekete. Kí àdírẹ́sì ẹni tí ó gba ilé wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, owó ìtanràn ń bẹ lórí rẹ̀. Bébà náà kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju íǹṣì 8½, kò sì gbọ́dọ̀ gùn ju íǹṣì 14 lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́: ìwé tí àfáà kọ ní Lárúbáwá, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, kò lè dá wọlé láìsí ìtumọ̀ tí a búra lé. Kí nọ́ńbà Social Security ẹnikẹ́ni má sí nínú rẹ̀, nítorí gbogbo ayé ni yóò rí i. Owó ojú ewé àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí dọ́là 25, ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀lé e jẹ́ dọ́là 4. Ẹ lè gbé e lọ fúnra yín, ẹ lè fi í ránṣẹ́ nípa ìfìwéránṣẹ́, lọ́yà yín sì lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Bí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tán, wọn á dá ojúlówó padà.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fetí sí èyí. Bí ilé bá jẹ́ ibi tí ẹbí ń gbé, ẹ kò lè dá a tà ní Texas, kódà bí orúkọ yín nìkan bá wà lórí ìwé. Ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bákan náà ni fún ìyàwó tí orúkọ tirẹ̀ nìkan wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì kú, ẹnì kejì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ kò lè lé e jáde kí wọ́n lè pín in.

A padà sí ọ̀rọ̀ ogún. Bí ẹni tí ó kú kò bá ṣe wàsíyyà, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìyàwó tí ó fi sílẹ̀, òfin Texas á gbé ìdajì tirẹ̀ nínú ilé tí wọ́n jọ ní fún ìyàwó náà pátápátá. Bí ó bá ní ọmọ níbòmíràn, bí arákùnrin wa tí ó bí méjì ní Nàìjíríà kí ó tó fẹ́ ìyàwó ti Houston, ìdajì yẹn di ti àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin lọ́gbọọgba. Kò sí ìyá níbẹ̀, kò sí ìdámẹ́jọ ìyàwó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí ènìyàn fi wàsíyyà tí ó bófin mu pín ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ bí ó ti fẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní kí Mùsùlùmí Texas má pín ogún rẹ̀ bí Súúrà An-Nisā' ṣe là á sílẹ̀. Kí ó ti kọ ọ́ kí ó tó kú ni.

Nígbà tí kò bá sí wàsíyyà, àwọn ẹbí máa ń lo ìwé ìbúra àwọn ajogún, affidavit of heirship. Ẹni méjì tí ó mọ olóògbé dáadáa, tí kò sì ní ìpín nínú ogún, ni ó sábà ń búra: ìyàwó tí ó fẹ́, ọmọ tí ó bí, ọjọ́ tí ó kú. Wọn á fi í sínú àkọsílẹ̀ káúńtì, bí ó bá sì ti pé ọdún márùn-ún níbẹ̀, ilé ẹjọ́ á gbà á bí ẹ̀rí títí ẹlòmíràn yóò fi já a. Ẹ sọ gbogbo ọmọ nínú rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń fẹ́ fi ọmọ tí ó wà nílé pamọ́. Irọ́ ni lábẹ́ ìbúra, ẹ̀tọ́ ọmọ náà kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ parẹ́.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Texas tún ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Transfer on Death Deed. Ẹ ó kọ orúkọ ẹni tí ilé yóò bọ́ sí lọ́wọ́ bí ẹ bá kú, ilé á sì wà lọ́wọ́ yín títí di ọjọ́ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ káúńtì kí ẹ tó kú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bébà lásán ni. Wàsíyyà tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò sì lè fagi lé e. Ó rọ̀ṣọ̀mù, owó rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ó ti ń tàn láàárín àwọn ará wa. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá fi orúkọ àkọ́bí nìkan sí i, tí ó sì fi àwọn ajogún yòókù sílẹ̀, ti ṣe wàsíyyà fún ajogún, ohun tí Ànábì kọ̀ fún wa. Ẹ bá àfáà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá nótárì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́sálásí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí jámọ́ọ̀ bá kéré, arákùnrin kan tí báǹkì fọkàn tán máa ń ra ilé náà ní orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ìpinnu láti gbé e fún jámọ́ọ̀ bí ó bá yá. Bí ikú bá dé kí ìwé yẹn tó yí padà, ogún ni ó jẹ́ lójú òfin. Ìyàwó tí ó kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti olówó tí ó jẹ ní gbèsè lè dé ibẹ̀. Ẹ forúkọ jámọ́ọ̀ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́, kí ẹ sì fi ìwé gbé ilé fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn jámọ́ọ̀ mìíràn gbé tiwọn fún North American Islamic Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, tí ó ń di ìwé ọ̀pọ̀ mọ́sálásí Amẹ́ríkà mú bí wákáfù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní Texas, ọ́fíìsì yín lè ní orúkọ mìíràn. Ní Maryland, akọ̀wé ilé ẹjọ́ Circuit ni. Ojú òpó ìpínlẹ̀ náà, mdlandrec.net, ọ̀fẹ́ ni bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀. Ní Georgia, ẹ lọ bá akọ̀wé ilé ẹjọ́ Superior. Ní Chicago, ọ́fíìsì ìwé ilé Cook County ti di ara ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì láti ìparí ọdún 2020. Àwọn ará New York ń lo ACRIS, àyàfi àwọn ti Staten Island. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí tún ní ètò ọ̀fẹ́ tí yóò fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí yín bí ìwé tuntun kan bá wọlé pẹ̀lú orúkọ yín. Ẹ forúkọ sí i, pàápàá jù lọ bí ilé bá wà ní òfìfo nígbà tí ẹ bá lọ sílé.

Ní ti ẹbí tí a fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ti tó ọjọ́ orí. Wọ́n gbà láàárín ara wọn pé àwọn yóò yọ nínú ìpín tí òfin fún àwọn, kí ìyá bàbá wọn lè rí ti ẹ̀sìn gbà. Èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 kò lè fọwọ́ sí i, nítorí náà wọn kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Lọ́yà kọ ìwé náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i níwájú nótárì, wọ́n sì gbé e lọ sí káúńtì. Nígbà tí ó padà dé nínú àpò ìwé, nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, orúkọ ìyá àgbà ti Ìsẹ́yìn náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀.